Sódà Tó Pa Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Lọ́dún 1975, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n bá òkú Ṣubúọlá nínú àhéré tó ti ń se ọṣẹ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ife ògì tó mu kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sódà ọṣẹ sì wà nínú ògì náà. Kò bímọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àdúgbò fi ń pè é, Ìyá Ọlọ́ṣẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sunkún rẹ̀, Fàósátù, opó ará Ìwó tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ. Òun náà ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ mú.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ògúnjìmí, ọkùnrin tí kì í tètè gba nǹkan gbọ́, pe Yẹ̀kínì, ọkọ olóògbé, sínú àhéré náà níṣojú Fàósátù. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni Yẹ̀kínì.

“Ẹ jókòó, sà.”

“Ẹ jẹ́ kí n dúró. Fàósátù ló pa á. Ojú mi báyìí ló ṣe po sódà láàárọ̀ nínú abọ́ alumíníọ̀mù tí mo mú wá látinú ilé yìí, tó sì dà á sínú ògì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.”

Abọ́ náà ń dán gbinrin.

“Irọ́ ni, sà,” ni Fàósátù wí. “Ìyá ò jẹ́ ká gbé alumíníọ̀mù wọ ibí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wẹ̀ wọ́n. Wọn ò lẹ́nì kan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ògúnjìmí. Ó ṣí garawa sódà tí wọ́n dé pinpin, ó fi igi bù ú sínú abọ́, ó bu omi lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná. Abọ́ náà gbóná, ó sì dúdú.

“Sódà máa ń jẹ alumíníọ̀mù, gbogbo ọlọ́ṣẹ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí sódà tó dé inú abọ́ yìí láàárọ̀. Ẹ parọ́.”

“Irọ́ kọ́ ni ìpànìyàn.”

“Òótọ́ ni. Ẹ jókòó nígbà náà.”

Yẹ̀kínì ò jókòó. Omi ti rin àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń fà á kúrò lára itan.

“Sódà tún máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́,” ni Ògúnjìmí wí. “Ẹ̀yin fi pépà dì í sápò ṣòkòtò. Ó yọ́, ó sì ń jẹ itan yín látàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó.”

Àpò ṣòkòtò náà ti jẹrà. Itan rẹ̀ ti bó yánnayànna.

“Àìná tí mo fẹ́ fẹ́ ní Òkè-Àfà ló ní òun ò ní bá ìyáálé gbélé,” ni Yẹ̀kínì wí. “Ṣubúọlá ló kọ́lé yìí, kò sì gbà láti kó jáde.”

“Ọdún mélòó lẹ ti jọ wà?”

“Méjìlélógún.”

“Ẹ ò sì mọ irú abọ́ tí wọ́n ń lò?”

“Yàtọ̀ sí àná tí mo wá bu sódà, n ò wọ ibí rí. Òórùn ẹ̀ ò bá mi lára mu.”

Wọ́n mú un lọ. Wọ́n tú Fàósátù sílẹ̀, ó sì wẹ òkú náà, òun nìkan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun sí i lára, ìmáámù béèrè orúkọ bàbá olóògbé. Fàósátù ò mọ̀ ọ́n. Àwọn aládùúgbò ń bi ara wọn léèrè.

Ògúnjìmí, tó wà níbẹ̀, wa ọkọ̀ padà sí tẹ́ṣàn, ó lọ bi Yẹ̀kínì ní àtìmọ́lé. Yẹ̀kínì náà ò mọ̀ ọ́n.