Ìgbànú Oníná Tí Ọlábámijí Gbé Wọnú Ọkọ̀

"Bàbá Tiwalọlá, ẹ ò tíì ṣe tán?"

Àpínkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, ní Àgbóyì, ó gbé garawa omi dání. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni ọkọ rẹ̀, Ọlábámijí, ti wà nínú ibẹ̀. Àwọn ará ilé ti tò sẹ́yìn, wọ́n ń kùn.

"Mò ń bọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde.

Nígbà tó jáde, ó tẹ̀, ó di ikùn mú. Àpínkẹ́ yọjú wo inú ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni.

"Ẹ̀jẹ̀ tún ti dé! Ẹ̀jẹ̀ tí oògùn dókítà ti dá dúró láti ọdún tó kọjá!"

Ìfun Ọlábámijí ló máa ń wú, tó máa ń dégbò nínú. Kì í ṣe ìgbẹ́ gbuuru lásán. Àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Dókítà fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀ débi pé ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, kó máa wọ odò Ògùn, kó máa fi garawa bu yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò sínú ọkọ̀.

Àfi ìgbà tí Sàká dé. Sàká a máa gbé báàgì kiri etí omi, a máa ta awò ojú, ìpara àti ohunkóhun tó bá ń dán. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgbànú oníná kan ló gbé wá. Ó ní yóò máa jí iṣan tó so ọpọlọ mọ́ ìfun, pé ẹni tó bá ti so ó mọ́ ikùn ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ọlábámijí sì rà á.

Àpínkẹ́ wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ike oògùn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kún dẹ́múdẹ́mú.

"Ẹ ò lò ó mọ́! Èmi ń gbààwẹ̀ lórí yín, ẹ̀yin ń fi ìdáhùn àdúrà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

"Ìgbànú yẹn ń ṣiṣẹ́. Ó ń ta mí. Oògùn tí kò bá ta èèyàn, ṣé oògùn nìyẹn?"

"Agbọ́n náà ń ta èèyàn. Ẹ lọ so agbọ́n mọ́ ikùn!"

Ọlábámijí rẹ́rìn-ín, ó gbé ìgbànú rẹ̀ dání, ó gba ọ̀nà etí omi lọ. Àpínkẹ́ pòṣé títí ètè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Oòrùn kò tíì mú tí ọkọ̀ fi padà lófìfo. Muideen, ọ̀gá ọkọ̀, ló ń pariwo láti ojú omi.

"Ìyá Tiwa! Ẹ wá o!"

Ọlábámijí nà gbalaja sórí pákó. Awọ ikùn rẹ̀ ti jóná, ó ti lé ròrò.

"Kí lẹ fi ṣe é?"

"Kò síná nílé, ìgbànú ti kú," ni Muideen wí. "Bọ̀dá bá ní ká fi wáyà fa iná láti ara bátìrì ẹ́ńjìnnì. Mo ní, 'Bọ̀dá, omi ṣì wà lára yín o.' Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo wa la máa lò ó."

"Gbogbo yín bí i ti báwo?"

"Ọlọ́kọ̀ kan náà ni wá, Ìyá Tiwa. Ohun tó bá ti wọnú ọkọ̀, ti gbogbo wa ni. Èmi ló kàn."

Àpínkẹ́ káwọ́ lérí. "Olúwa mi, ṣé èmi nìkan lo kó ọpọlọ fún ní Àgbóyì yìí ni?"

Wọ́n gbé e sọdá, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Lẹ́yìn tí dókítà ti tọ́jú ojú iná, tí wọ́n sì ti fa omi sí i lára, Nọ́ọ̀sì Joanna, tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, fa àga sún mọ́ ibùsùn.

"Bọ̀dá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?"

"Sísítà, wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ń jí iṣan."

"Sàká gbọ́ díẹ̀, ó fi púpọ̀ kún un. Ẹ̀rọ tó ń jí iṣan wà lóòótọ́. Àwọn kan wà tí kò lè mú ìgbẹ́ mọ́ra mọ́. Dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn mìíràn nínú wọn, kó fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ, lókè ìdí. Ṣùgbọ́n ti ìfun wíwú bíi tiyín, àwọn onímọ̀ ṣì ń dán an wò. Kò tíì gba ipò oògùn. Dókítà ló sì ń wọn agbára iná rẹ̀, kì í ṣe bátìrì ọkọ̀! Omi, oòrùn àti yanrìn lè ba ẹ̀rọ gidi pàápàá jẹ́, áḿbọ̀sìbọ́sí ti Sàká tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ ẹni tó ní àìsàn ọkàn lẹ so ó mọ́ lára ńkọ́?"

Ó mi orí. "Àbí oògùn yìí ló rọrùn jù lójú yín? Bẹ́ẹ̀ ni Náámánì adẹ́tẹ̀ inú Bíbélì ṣe bínú nígbà tí wọ́n ní kó kàn lọ wẹ̀ ní Jọ́dánì."

"Sísítà, Náámánì kúkú wọ odò."

"Wòlíì ló rán Náámánì," ni Àpínkẹ́ fèsì. "Ta ló rán ẹ̀yin? Sàká!"

Ọlábámijí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikùn kò jẹ́. Omi lé sójú rẹ̀. "Àpínkẹ́, má bínú."

"Oògùn ni kẹ́ ẹ gbé mì. Ẹ̀bẹ̀ lè dúró."

Ojú iná náà pẹ́ kó tó jinná. Lójú Àpínkẹ́ ló ti ń lo oògùn rẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan tó lọ kí àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀, ó bá Sàká níbẹ̀, ó gbé ìgbànú mìíràn lọ́wọ́. Muideen ti na ọwọ́ láti gbà á.

Ọlábámijí ká ẹ̀wù sókè, ó fi àpá tó wà níkùn hàn wọ́n.

"Ohun tó bá wọnú ọkọ̀, ti gbogbo wa ni, àbí? Ó yá, ẹ wá pín èyí náà."

Muideen fa ọwọ́ sẹ́yìn. Sàká pa báàgì rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí inú ń run yín tí kò lọ, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má tijú. Ẹ má ṣe dá oògùn àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ dúró nítorí pé ara ti yá. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ̀rọ oníná fún ìwòsàn kì í ṣe ọjà orí ìkiri, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ ń yá ọ̀rẹ́. Ìrora kò fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ló fún dókítà lọ́gbọ́n. Bí ìdáhùn bá ti dé inú ike, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.