Ọrùn Ọwọ́ Tí Allal Fi Gbé Tíì Àlejò

Ẹnu ya Zhour, kò lè pa á dé. Dókítà ní ọrùn ọwọ́ òsì Allal, ọkọ rẹ̀, ni òun máa gbà wo ọkàn rẹ̀.

"Dókítà, àyà ọkọ mi ni wọ́n là lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Kí ló kan ọwọ́ nínú ẹ̀?"

"Màmá, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi iṣan mìíràn la ọ̀nà àbùjá fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn wọn. Àyà tún ń dùn wọ́n báyìí, a fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà náà ti ń dí. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín la máa tì gba inú iṣan ọwọ́, a ó sì ya àwòrán."

"Itan ni wọ́n gbà fún ẹ̀gbọ́n mi."

"A ṣì ń gba ibẹ̀. Àmọ́ iṣan ọwọ́ ò jìn sí awọ, egungun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti tẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sábà dà púpọ̀. Àwòrán náà á sì hàn dáadáa."

Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́; àwòrán náà hàn kedere pé ọ̀nà náà kò tíì dí. Kí oòrùn tó wọ̀, Allal ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé wọn ní Meknès, ní ilẹ̀ Morocco. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ náà gbé ohun tó wúwo.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò wá kí i. Ní ìlú wọn, ta ló máa gbé tíì fún àlejò bí kò ṣe baálé ilé?

"Bàbá Widad, ẹ jókòó, mò ń bọ̀," ni Zhour ké sí ọkọ rẹ̀ láti ilé ìdáná.

"Ṣebí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń dà á," ni Allal fèsì.

Ọ̀tún ló fi ń dà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé àwo bàbà tí ìkòkò tíì àti ife méje wà lórí rẹ̀. Nígbà tí Zhour máa fi jáde, ẹ̀jẹ̀ ti rin apá aṣọ ọkọ rẹ̀ gbingbin. Aládùúgbò kan ti sáré bu kọfí lílọ̀ wá láti dà sójú egbò.

"Dá kọfí yẹn padà," ni Tamou wí, ọ̀kan lára àwọn àlejò náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó mú Allal jókòó, ó fi ìka méjì tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀, kò sì ṣí i wò. "Bí kò bá dá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí tó bá ń tú yàà, a ó pe ọkọ̀ aláìsàn, mi ò sì ní jáwọ́."

Ẹ̀jẹ̀ náà dá kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Allal wo àwo náà.

"Tíì ti tutù o," ló wí.

"Ó sàn kí tíì tutù ju kí ìwọ tutù lọ," ni Tamou dá a lóhùn. "Dìde, ká lọ fi ọwọ́ yìí han dókítà."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí dókítà bá ní ọrùn ọwọ́ lòun máa gbà, ẹ má bẹ̀rù. Bí wọ́n bá ti yọ iṣan ọwọ́ yín kan fún iṣẹ́ abẹ ọkàn rí, ẹ sọ fún un, kó lè gba ọwọ́ kejì. Bí ẹ bá sì délé, ẹ sinmi ọwọ́ náà fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín. Àlejò tó wá kí yín kú ewu kò bínú bí ẹlòmíràn bá bu tíì fún un.