Orin Onílé Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún

Orí ọkọ̀ akẹ́rù ni Rídúwánù ti kọ́kọ́ rí i. Obìnrin náà gun ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ṣí ìdérí píánò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti èbúté, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ìdúró. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń lò. Ọ̀tún wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ bí ohun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn èèyàn dúró ní òpópónà Nyékonakpoè, ní Lomé. Oní-zémidjan kan tilẹ̀ pa alùpùpù rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

“Ẹ jọ̀ọ́, madame,” ni Rídúwánù wí, ìwé ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, “ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé ká lè gbé e wọlé.”

“Mademoiselle ni,” ni obìnrin náà dáhùn láìwẹ̀yìn. “Bí mo bá ti fọwọ́ síwèé tán, ta ni n óò wá sọ fún pé ohùn méjì ò dún?”

“Méjì wo?”

Ó tẹ̀ wọ́n fún un. Kọ̀, kọ̀, ni wọ́n ń dún, bí eyín tó fẹ́ yọ.

Rídúwánù kọ ọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí kan ní Zone franche, àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ lẹ́bàá èbúté, ló ti ríṣẹ́, níbi tó ti jẹ́ pé òun ló ń mọ ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan wà. Ohunkóhun tí kò bá yé e máa ń yún un lára. Kó tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ọwọ́ kejì ńkọ́?”

Obìnrin náà yíjú sí i. Ó fa ọwọ́ ọ̀tún yọ. Àpá kan là á láti ọrùn ọwọ́ dé àárín àtẹ́lẹwọ́. “Alùpùpù ló gbé mi ṣubú. Ó pé ọdún méjì báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ kọ ìyẹn náà sínú ìwé?”

Ojú ti Rídúwánù débi pé ó gbàgbé kálámù rẹ̀ lórí píánò náà.

Danielle lorúkọ obìnrin yìí. Òun àti bàbá rẹ̀, Raphaël, nìkan ló ń gbé inú ilé náà. Ará Ifẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò ni wọ́n, láti ẹ̀bá Atakpamé. Ogójì ọdún ni Raphaël fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kí àìsàn tó mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, tí kò lè dá ẹ̀wù ara rẹ̀ wọ̀ mọ́. Ní ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó kọ orin kan fún un, ojú ewé mẹ́rin. Orin náà le púpọ̀. Danielle nìkan ló tẹ̀ ẹ́ rí. Látìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti ṣẹ́, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ọ. Ní báyìí, dókítà ti sọ fún Danielle ní kọ̀rọ̀ pé ó ṣòro kí bàbá rẹ̀ pé ọdún kan sí i. Ohun tí bàbá náà ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kó tún gbọ́ orin ìyàwó rẹ̀ kó tó lọ.

Ní Sátidé, Rídúwánù mú ẹni tó ń tún píánò ṣe wá. Bí ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́, Rídúwánù rí ìwé kékeré kan tí Danielle ń kọ ìdánrawò rẹ̀ sí. Ìlà kan fún ọjọ́ kan: “Ó burú.” “Ó burú.” “Ó burú ju tàná lọ.”

“Mademoiselle, èyí kì í ṣe àkọsílẹ̀. Ẹkún lẹ̀ ń sun.”

“Ṣé ẹ mọ orin ni?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń mọ ibi tí nǹkan wà.”

Ó ní kó ka iye ẹyọ tí orin náà pín sí. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Rídúwánù ya ìlà mẹ́jọ sínú ìwé onílà ọmọ iléèwé, ilé méjìlá nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ilé tí ọwọ́ bá ti ṣubú, kí wọ́n kùn ún ní pupa. Èyí tó bá lọ ṣùgbọ́n tó falẹ̀, àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó bá bá ẹ̀rọ kékeré tó ń lù tọ̀, tọ̀, tọ̀ mu, ní ìlù mẹ́rìnlélọ́gọ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó di àwọ̀ ewé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìlà àkọ́kọ́ ti tutù yọ̀yọ̀. Gbogbo ìyókù pupa bí ẹ̀jẹ̀.

“Ẹ wò ó,” ni Rídúwánù wí. “Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò tíì dé yàrá tí ọwọ́ ti rẹ̀ yín. Lọ́la, ẹ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.”

Danielle bú sẹ́rìn-ín. “Monsieur Ilé-Ẹrù! Ẹ ti sọ orin bàbá mi di agboolé.”

Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó kẹ́yìn, ó ń padà bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Rídúwánù ń wá gbé ìwé náà yẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé píánò ti dára, tí kò sí ìdí tó fi yẹ kó wá mọ́. Ọjọ́ tí ìlà kẹjọ di àwọ̀ ewé, Danielle fò dìde lórí àpótí ìjókòó.

“Wò ó! Rídúwánù, wò ó!”

“O ò pè mí ní ‘ẹ’ mọ́.”

“Mo ti gbàgbé. Ṣé kí n dá a padà ni?”

“Má dá a padà láé, Ìyá Dùùrù mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe wọlé, láti ẹ̀yìnkùlé.

Àwọn òbí kò dunnú sí i. Àlàájà Fàdílátù, ìyá Rídúwánù, tó ń ta aṣọ lọ́jà Adewui, sọ tirẹ̀ bó ti ń ká aṣọ: “Mi ò sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù ààwẹ̀, ta ni yóò máa bá ọ jẹ sààrì? Ẹni tó ń lọ tẹ dùùrù fún fádà?”

Raphaël kò pariwo ní tirẹ̀. “Ìwà rẹ dára, ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni n óò ti fà á fún ọkọ. Má wá síbí mọ́.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Rídúwánù ní àwọn fẹ́ gbé e lọ sí Kútọnú fún ọdún méjì. Wọ́n ti dá Raphaël dúró nílé ìwòsàn, Danielle sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò lè gbé ìpè Rídúwánù níwájú rẹ̀. Ìwé ìdánrawò náà nìkan ló ṣì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, láti ọwọ́ Morẹ́nikẹ́, aránṣọ tó wà lódìkejì ilé wọn. Rídúwánù kọ ọ́ sábẹ́ àwọn ilé náà pé: “Wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí Kútọnú. Mi ò fẹ́ fi ipá wọ ilé bàbá rẹ. Ohun tí o bá ní kí n ṣe ni n óò ṣe.”

Ìwé padà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: Ma lo.

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ Danielle níwèé. Ó ń sọ èdè ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ọ́, kò sì fi àmì kankan sí i. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni: Má lọ. Ohun tí Rídúwánù kà ni: Máa lọ.

Ohun tí èèyàn bá ń bẹ̀rù ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ rí. Rídúwánù rò pé Raphaël ló gba ẹnu ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: “Mo ti rí i. Ó dáa.” Danielle ka ìyẹn nílé ìwòsàn, ó gbé fóònù mọ́ àyà. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Morẹ́nikẹ́ sọ fún un pé Rídúwánù ti wọkọ̀ lọ sí Kútọnú.

Wọn kò pe ara wọn. Ọ̀kan gbà pé wọ́n lé òun. Èkejì gbà pé wọ́n ṣèlérí fóun tán, wọ́n sá.

Oṣù márùn-ún kọjá. Wọ́n ti gbé Raphaël padà wálé, ó ń rù sí i lójoojúmọ́. Danielle ń kun ilé ní àwọ̀ ewé, kò sì sẹ́ni tó ń kí i kú iṣẹ́. Níkẹyìn ó ku ilé mẹ́jọ, gbogbo wọn nínú ìlà kẹfà, níbi tí ìka tó gbé òrùka àti ọmọńdinrín ti gbọ́dọ̀ na ara wọn jìnnà. Àwọn ìka náà kọ̀. Kò sì sí ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n lè gbà.

Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìwé náà lọ sí Adewui. Ó fẹ́ kí Rídúwánù rí ibi tí iṣẹ́ wọn dé, kó sì tán síbẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, Mama. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ yín.”

Àlàájà wò ó látòkè délẹ̀. “Ìwọ tí o ní kó máa lọ?”

“Èmi kẹ̀? Mama, má lọ ni mo kọ!” Ó ṣí ojú ewé náà. “Ẹ wò ó.”

Àlàájà kò lè ka ìwé àwọn Òyìnbó. Ó kígbe sí Bàṣírù tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: “Wá ka èyí fún mi.”

Bàṣírù na ìwé sókè. “Máa lọ,” ló kà, ó sì padà sídìí bàtà rẹ̀.

Danielle jókòó sórí àwọn aṣọ títà láìtọrọ àyè. Àlàájà ń wo ọ̀rọ̀ méjì náà bí ẹni ń wo egbò.

“Kí ni wọ́n ń kọ́ yín níléèwé yìí gan-an?” ló wí níkẹyìn. “Nílé kéwú, ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé bí àmì bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yẹ̀. Oṣù márùn-ún! Ọmọ mi ò jẹun bí èèyàn fún oṣù márùn-ún.” Ó fa fóònù yọ, omi lójú rẹ̀. “Rídúwánù? Gbé ẹnu ẹ dákẹ́, kó o gbọ́ mi.”

Rídúwánù kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dé ní ọjọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ni Danielle ti pàdé rẹ̀. Ó gbá a láyà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó lápàá, ó sì fi orí lé ibi tó gbá.

“Ṣé bàbá rẹ ṣì lè gbọ́ràn?” ni Rídúwánù béèrè.

“Díẹ̀díẹ̀. Ilé mẹ́jọ ló kù, n ò sì lè wọ̀ wọ́n.”

“Tẹ̀ ẹ́ fún un lónìí. Má dúró de àwọ̀ ewé.”

Wọ́n ti ibùsùn Raphaël sún mọ́ píánò. Danielle tẹ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Rídúwánù ń ṣí ojú ewé fún un. Ìka bàbá náà ń rìn lórí aṣọ ìbora. Nígbà tó dé ìlà kẹfà, Danielle fa orin náà sẹ́yìn, ó ń gbé ohùn kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni gbé àwo tó lè fọ́, títí ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi kọjá. Lẹ́yìn náà ló tó sáré parí rẹ̀.

“Kì í ṣe bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn,” ni Raphaël wí.

“Mo mọ̀, Papa. Ọwọ́ mi ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Bí ìyá rẹ ṣe máa ń rìn lọ́dún tó kẹ́yìn nìyẹn.” Ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí Rídúwánù. “Mi ò ní purọ́ torí pé ikú dé. Mi ò fẹ́ ìgbéyàwó yìí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo jókòó tì í nígbà tó ń ṣubú. Ẹ lọ ṣègbéyàwó ní mairie, lọ́dọ̀ ìjọba. Kí ẹnikẹ́ni má fi agbára yí ẹ̀sìn ẹnì kejì padà.”

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n lọ sí mairie. Àga pín sí ọ̀nà méjì nínú gbọ̀ngàn náà. Ní ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ẹbí ọkọ kún: Àlàájà Fàdílátù àti àwọn àbúrò rẹ̀, Bàṣírù pẹ̀lú bàtà tuntun. Ọwọ́ òsì ṣófo. Àwọn ará Atakpamé ti ní àwọn ò mọ ìgbéyàwó tí kò ní fádà. Morẹ́nikẹ́ sì wà níta, ó ń rán etí ẹ̀wù ìyàwó tó ya mọ́ Danielle lára lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Danielle wọlé, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sórí àwọn àga yẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣí ìwé rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, Àlàájà dìde. Ó gbé àpò rẹ̀, ó la àárín gbọ̀ngàn kọjá, ó sì jókòó sórí àga àkọ́kọ́ ní apá òsì, níbi tó yẹ kí Raphaël wà.

“Madame,” ni òṣìṣẹ́ náà wí, “ẹ̀gbẹ́ ìyàwó nìyẹn o.”

“Mo mọ̀, monsieur. Ẹ bá iṣẹ́ yín lọ.”

Danielle kò tíì sunkún láti ọjọ́ ìsìnkú. Ìgbà méjì ni òṣìṣẹ́ náà béèrè ìbéèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ‘oui’, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́nu rẹ̀.