Ìfẹ́ Tí Oògùn Kò Fà

Nígbà tí Marit, nọ́ọ̀sì ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe nílé ìwòsàn, kọ́kọ́ rí Reino, ijó ni ọkùnrin náà ń jó. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ ló dúró sí, yìnyín ò tíì yọ́ tán lára bàtà rẹ̀, ó ń tọ́ka sí àpò ìtọ̀ tí wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó rí wúrà he.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wá wò ó! Ìtọ̀ ti dé! Kíndìnrín Bàbá ti jí!"

Arvo, bàbá rẹ̀, apẹja ní Duluth, ìlú kan létí adágún ńlá ní Amẹ́ríkà, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń jó. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ wú, ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Ó ṣe Marit bíi kó rẹ́rìn-ín, ó tún ṣe é bíi kó sunkún. "Ẹ rọra. Oògùn ló fa ìtọ̀ yẹn jáde, kí omi ara wọn lè dín kù. Ìgbà tá a bá dá oògùn dúró la máa mọ̀ bóyá kíndìnrín fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́."

Ọkàn Reino dàrú. Ó bínú sí obìnrin náà. Síbẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́, òun ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Nígbà tó yá, kò mọ̀ mọ́ bóyá bàbá rẹ̀ ló ń wá wò ni àbí Marit. Ó gbé ẹja yíyan wá fún un, Marit sì pín in fún gbogbo nọ́ọ̀sì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Reino: "Mo nífẹ̀ẹ́ yín."

Marit yíjú sí ẹ̀rọ Arvo. "Bàbá yín ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè dáhùn. Ẹ̀rù náà sì máa ń fa irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde, bí oògùn ṣe ń fa ìtọ̀."

"Háà! Ìfẹ́ mi lẹ fi wé ìtọ̀?"

"Ní yàrá tiwa yìí, kí ló tún níyì tó ìtọ̀?"

Àwọn dókítà dá oògùn dúró. Àpò gbẹ, Reino ò lè wò ó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìtọ̀ ń kán tó, tó. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àpò ti kún. Kò pẹ́, wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu Arvo, ó lajú, ó ní: "Ta ló ń bójú tó àwọ̀n mi?"

Wọ́n gbé bàbá lọ sílé. Marit tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn, kò sì mọ ohun tó ń dun òun.

Ìgbà tí yìnyín kúrò lójú adágún, ó jáde níbi iṣẹ́, ó bá Reino lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ẹja tó fi bébà wé.

"Ta lẹ wá wò?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé wa. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Mo ṣì wá."

Marit gba ẹja náà. Kò pín in fún ẹnikẹ́ni.

"Reino," ló wí, "ọkàn tèmi náà ṣì dàrú. Àmọ́ mú ọwọ́ rẹ wá. Mo gbà fún ọ."