Ta Ni "Wọ́n"?

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí Gbéminíyì ń gbọ́ ohùn tí Bàbá Ọláoyè fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ̀, ó sì ti wá dá a lójú báyìí pé ọ̀rọ̀ náà ní abẹ́nú. Bàbá rẹ̀ wà ní balùwẹ̀, ó ń wẹ̀, ó ń kọrin. Ó ní kí ọmọ bá òun yọ àwọn fídíò tó kún inú fóònù kúrò, kí àyè lè wà fún ìròyìn ẹgbẹ́. Iṣẹ́ tó rán an kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti kó máa gbọ́ ohùn olóhùn, Gbéminíyì ló fi ìyẹn kún un fúnra rẹ̀.

"Wọ́n pè mí lánàá," ni ohùn àgbàlagbà náà ń wí. "Wọ́n ní àwọn máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á ti jókòó kó tó dé. Wọ́n ní ká má jẹ́ kí Ọ̀nárébù gbọ́ rárá o. Mo ti sọ fún wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ la máa ṣe. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ kó mọ sáàárín wa."

Bàbá Ọláoyè ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń gbé ní agbègbè Ugbor ní ìlú Bìní. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, bàbá Gbéminíyì, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ni akọ̀wé wọn. Ọ̀nárébù tí wọ́n ń sọ yìí sì ni alága ìjọba ìbílẹ̀, tó fẹ́ díje lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti ṣèlérí pé òun máa wá bá ẹgbẹ́ náà jókòó ní gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ Sátidé, alága kankan kò sì ṣe irú ẹ̀ rí. Àwọn wo wá ni wọ́n fẹ́ lọ jókòó dè é? Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ gbọ́?

Gbéminíyì mọ ẹnì kan tó máa fẹ́ mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni Búròdá Osaze, tó ń bójú tó ìròyìn fún Ọ̀nárébù, wá sí iléèwé wọn. Ìlú Bìní kún fún oríṣiríṣi ẹ̀yà, Ọ̀nárébù sì fẹ́ máa kí oníkálukú ní èdè rẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló kí àwọn Yorùbá ní "Ẹ káàárọ̀" lórí rédíò, ó sì tún un wí lẹ́ẹ̀kejì, bóyá kí ẹni tó ti sùn lè jí. Ìdí nìyẹn tí Osaze fi ń wá ọmọ iléèwé mẹ́rin tó máa jẹ́ ògbufọ̀.

"Ayé ti yí padà," ni Osaze wí fún wọn. "Olórí tó bá gbọ́ èdè kan ṣoṣo lóde òní, ara ẹ̀ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ṣe jù lọ máa bá àwọn lọ sí Accra nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fẹ́ jíròrò lórí bí àwọn olórí ṣe ń bá aráàlú sọ̀rọ̀. Gbéminíyì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò tíì kọjá Ọ̀rẹ̀ rí láyé ẹ̀. Látọjọ́ náà ló ti ń lálàá Accra lójúmọmọ.

Ó túmọ̀ ìkíni méjì, ó túmọ̀ ìwé ìpè kan. Lẹ́yìn náà ni Osaze yí ohùn padà. "No be only wetin our oga wan tell dem," ó wí. "Wetin dem dey talk for una side too. Anything wey you hear, send am." Ọkàn Gbéminíyì sọ fún un pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ mọ́, iṣẹ́ amí ni. Ó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ wí, ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Bìní ni wọ́n bí i sí. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ Yorùbá sí i, Píjìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá a lóhùn. Síbẹ̀, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, oyè náà sì ti wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó jókòó, ó tú ọ̀rọ̀ Bàbá Ọláoyè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan: "They called me yesterday. They said they will be there on Saturday, they will sit down before he comes. They said we must not let Honourable hear it at all. I have told them anything they want, we will do."

Ó fi ránṣẹ́ sí Osaze. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí èsì fi dé: "Who be the they?"

Gbéminíyì kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀ láti balùwẹ̀, tówẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá bi í. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè, ó ti jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ ohun tí wọn ò rán òun gbọ́ nìyẹn. Ó wá rántí àwọn páálí ìpolongo ẹgbẹ́ òṣèlú kejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí gbọ̀ngàn. Ó kọ ọ́ pé, "I think na the other party." Èrò lásán ni. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti dé ọwọ́ ẹnìkejì, ìròyìn ló ń dà.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀nárébù sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní òun ò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá mọ́. Ó ní àwọn àlejò kan wà nílùú tó ń fi iwájú kí òun, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn sọ fún ọ̀tá òun pé, "Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ la máa ṣe." Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí Bàbá Ọláoyè ti ń gbé ní Bìní. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, "àlejò", ó pa rédíò.

Àwọn ìgbìmọ̀ pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Gbéminíyì ló ń gbé omi fún wọn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ṣojú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí alága wí lórí rédíò, ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ni, Bàbá sì ní òun ò ní lọ ṣàlàyé fún ẹni tó pe òun ní àlejò. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún nìkan ni Bàbá sì fi ohùn náà ránṣẹ́ sí. Ta ló tà wọ́n? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ojú wọn ń yí díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi dúró sí ara Olúbùnmi, ìyá Ṣọlápé, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Ọmọ Ẹ̀dó ni ọkọ rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

"Ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà," ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń wo àjà.

"Mi ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni," ni ìyá Ṣọlápé wí. "Fóònù mi nìyí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyẹn wá burú ju kí wọ́n rí nǹkan lọ, torí wọ́n ní ó ti pa á rẹ́. Bí ìfura bá ti wọlé tán, àwíjàre kì í ríbi jókòó mọ́. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé ná, kí ẹlòmíràn máa darí àwọn obìnrin. Obìnrin náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Gbéminíyì fún omi tó gbé fún un. Ìdúpẹ́ yẹn dun Gbéminíyì ju bí ẹni gbá a létí lọ.

Kíláàsì kan náà ni òun àti Ṣọlápé wà. Ní ọjọ́ Ajé, Ṣọlápé kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. "My mama never chop well since Friday," ó sọ nígbà tí Gbéminíyì bá a jókòó. "Dem say na because my papa be Edo man. Na who dem been think say she marry since?"

Lójú ẹsẹ̀ náà ni fóònù Gbéminíyì gbọ̀n. Osaze ni. Orúkọ àwọn tó ń lọ Accra ti jáde, tirẹ̀ sì wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó dùn dé ibi tó fẹ́ pariwo. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, tó rí Ṣọlápé tó ń fi ìka ya ìwé pélébé kan sí wẹ́wẹ́, ìtìjú sì bò ó. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Obìnrin kan á kàn máa gbé ẹ̀bi rẹ̀ kiri ìlú.

Kò lè dákẹ́. Bí bàbá rẹ̀ ṣe bọ́ bàtà iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, Yorùbá ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Dádì, èmi ni. Èmi ni mo fi ránṣẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà kò pariwo. Ó ní kó ka ohun tó kọ fún òun. Ó kà á. Nígbà tó dé ìparí, bàbá rẹ̀ fọwọ́ lérí.

"Gbéminíyì, èèyàn mélòó ló pe Bàbá Ọláoyè?"

"Wọ́n pọ̀, sà. Bàbá ní 'wọ́n'."

"Ẹnì kan ni. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo. Ìyá tó bí Ọ̀nárébù lọ́mọ."

Gbéminíyì tún wo ohun tó kọ: "they", "they", "they".

"Wọ́n ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin," ni bàbá rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ogbe ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá ààfin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n ta aṣọ ní Àkúrẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n gbọ́ Yorùbá ju ìwọ lọ. Wọ́n fẹ́ jókòó sáàárín wa kí ọmọ wọn tó dé, kó lè bá ìyá ẹ̀ níbẹ̀ tó ń fi èdè wa kí i káàbọ̀. Ìyàlẹ́nu ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fún un. Ṣé 'ó pè mí' ni kí Bàbá Ọláoyè wá wí, nípa ẹni tó fi ọdún méje ju Bàbá fúnra wọn lọ? Ẹni tó bá wí bẹ́ẹ̀, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Mi ò mọ̀, sà."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé o ò béèrè. Mo wà nínú balùwẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀, Gbéminíyì sì tún gbogbo rẹ̀ sọ pẹ̀lú omijé. Ẹni tó ń wo àjà lọ́jọ́ Ẹtì ń wo ilẹ̀ báyìí. Láti ibẹ̀, Bàbá Ọláoyè àti Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà mú un gba Ogbe lọ. Màmá arúgbó náà ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, Ọ̀nárébù sì dé tòun ti Osaze.

Gbéminíyì rò ó lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, Ọ̀nárébù yíjú sí Osaze. "Ṣé o béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó o tó gbé e fún mi?"

"Sir, na the girl say..." ni Osaze bẹ̀rẹ̀.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. Èdè Ẹ̀dó ni wọ́n fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì kánjú. Gbéminíyì gbọ́ ọ yékéyéké. "Nọ́ńbà Ọláoyè wà lórí fóònù rẹ," ni wọ́n wí. "Tèmi náà wà níbẹ̀. O fi àwa méjèèjì sílẹ̀, o lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. O fẹ́ fi èdè márùn-ún bá ìlú sọ̀rọ̀, o ò sì fi ẹyọ kan gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ọ̀nárébù dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ọláoyè. Lọ́jọ́ kejì, ó padà sórí rédíò, ó ní òun ṣì wọ́n gbọ́, ó sì tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ náà, "àlejò". Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó wá sí gbọ̀ngàn, ìyá rẹ̀ sì ti jókòó dè é. Gbéminíyì fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí Osaze pé kó yọ orúkọ òun kúrò nínú ti Accra. Ó dùn ún. Ó sunkún sí i, irọ́ kò sí níbẹ̀.

Ìyá Ṣọlápé kò wá lọ́jọ́ náà. Àwọn ìgbìmọ̀ ti lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dá ipò rẹ̀ padà fún un, àmọ́ àga rẹ̀ ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ìpàdé tú, Gbéminíyì wọkọ̀ lọ sí ilé wọn ní Ekosodin. Ṣọlápé ṣí ilẹ̀kùn, ó wò ó, ó sì yà fún un. Ìyá rẹ̀ wà nínú ilé tó ń lọ aṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí," ni Gbéminíyì wí.

Obìnrin náà yọ áyọ́ọ̀nù kúrò níná. "Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ọmọdé ni ọ́, o ṣìnà, o sì wá jẹ́wọ́ fúnra rẹ. Àwọn tí mo bá jókòó fún ọdún méjìlá, tí wọ́n gbọ́ àlàyé mi tí wọn ò gbà á, àwọn yẹn ni mi ò tíì mọ bí màá ṣe dárí jì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Gbéminíyì gbé dání lọ sílé. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà ń wí pé ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò láìbéèrè ohun tó ń ṣe aláìsàn, pípa ló ń pani. Osaze fura, Ọ̀nárébù fura, ìgbìmọ̀ náà fura, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fura. Kò sí èyí tó béèrè nínú wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, tí ẹ máa di olórí, tàbí tí ẹ máa gbẹnu sọ fún olórí lọ́la, gbígbọ́ èdè dára, ṣùgbọ́n kò tíì di gbígbọ́ra-ẹni-yé. Ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́, nígbà tí ẹ̀bi rẹ̀ kò tíì já lé aláìṣẹ̀ lórí.