Ọkọ̀ Òfuurufú Kì í Yà ní Kérou

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn onísọ̀ Gbégamey ní Kútọnu sinmi ọ̀sán tán tí wọ́n ṣílẹ̀kùn padà, ti Ọláwálé tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nìkan ni kò ṣí. Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ló lọ wò ó. Ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, orí rẹ̀ ti gbá irin ẹ́ńjìnì, ẹ̀mí ti bọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèníkẹ́ yẹ ilẹ̀kùn wò. Ẹnikẹ́ni ò já a.

"Àǹtí, ta ni ọkọ yín máa ń ṣílẹ̀kùn fún lásìkò ìsinmi?"

"Kò sí o, àfi Bàbá Mùílíù, awakọ̀ wa, bàbá náà ò sì sí nílé." Àbẹ̀ní nu ojú rẹ̀. "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ẹ bá mi wá a."

Oyèníkẹ́ mọ orúkọ náà. Mùílíù yìí ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ síléèwé láti Pobè sí Kétu nígbà tó wà ní kékeré, tí yóò máa ka orúkọ àwọn ìlú ojú ọ̀nà òkè, lápá àríwá, fún un bí ẹni ń kọrin. Ó gbàdúrà pé kó má jẹ́ bàbá náà ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá bàbá náà ní Sèmè-Kpodji, ní gáréèjì tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ Ajé.

"Bàbá, níbo lẹ wà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀?"

"Òkè lọ́hùn-ún, ọmọ mi. Àwọn dókítà òyìnbó kan ló fi ọkọ̀ òfuurufú wọn kékeré gbé mi láti Kandi lọ sí Natitingou. A kírun ọ̀sán tán ká tó gbéra, oòrùn sì ti ń wọ̀ ká tó balẹ̀."

"Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀nà yẹn mà jìn! Banikoara, Kérou, Kouandé. Ṣebí ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì bà á lọ́kàn jẹ́. Ó bọ́ síta, ó fóònù awakọ̀ òfuurufú kan ní Kútọnu, ó sì padà wọlé pẹ̀lú ojú tó pọ́n.

"Bàbá, ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù lẹ kà fún mi. Ọkọ̀ òfuurufú kì í yà ní Kérou. Tààrà ló ń lọ, nǹkan bí igba kìlómítà, kékeré wọn ò sì lò ju bíi wákàtí kan lọ. Ẹ ò wọ̀ ọ́ rí. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tiyín wà ní gáréèjì, ẹ sì mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá pe ọ̀nà ilẹ̀, a ó bi àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà léèrè, lẹ ṣe ní ojú sánmà lẹ gbà. Ẹ̀yin nìkan sì ni Ọláwálé ń ṣílẹ̀kùn fún."

Mùílíù jókòó sórí táyà kan.

"Ọláwálé ní ojú mi ò ríran mọ́," ló wí. "Ó ní òun máa gbé ọkọ̀ mi fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látìgbà èwe mi, Oyèníkẹ́! Mo kàn tì í ni. Ó ṣubú. Ẹ̀rù bà mí, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sá lọ."

"Dókítà tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní ẹ ké sí aládùúgbò kan péré, Bàbá, ì bá yè."

"Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn," ni bàbá náà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Wọ́n jọ jáde. Ọkọ̀ ọlọ́pàá wà níwájú wọn gan-an, nínú oòrùn. Mùílíù na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀, ọwọ́ náà ò bá nǹkan kan. Ó tún na ọwọ́, ó tún tàsé. Òótọ́ ni Ọláwálé sọ fún un. Oyèníkẹ́ ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó di apá bàbá náà mú, ó sì gbé e gòkè sínú ọkọ̀ jẹ́jẹ́, bí bàbá náà ṣe máa ń gbé e láyé ọjọ́un tí wọ́n bá ń lọ sí Kétu.