Àpótí Ìbàdí Ẹ̀gbọ́n Mi

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìwé kẹrin ni mo wà tí mo kúrò níléèwé, n kò ní ọgbọ́n tí èèyàn fi ń hun irọ́ gígùn. Ojú mi ló ṣe. Ọwọ́ mi náà wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ìyá wa bí. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹnì kan ní láti fi iléèwé sílẹ̀ kó lọ máa ru bíríkì. Wọ́n wò wá lọ, wọ́n wò wá bọ̀. Èmi ni mo kéré, ṣùgbọ́n èmi ni egungun mi le. Ẹ̀gbọ́n mi kàwé tirẹ̀ parí, ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ṣì ń po kọnkéré títí dòní. Kọnkéré náà ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bó bá rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, á jókòó. Wọ́n la àyà rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tí yóò máa bá ọkàn rẹ̀ ti ẹ̀jẹ̀. Wáyà kan gba ikùn rẹ̀ jáde, ó wọ inú àpótí kan tó so mọ́ ìbàdí. Bátìrì méjì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, wàá gbọ́ ọ. Ó ń kùn bí eṣinṣin nínú ìgò.

Dókítà pe àwa méjèèjì wọlé.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rọ yìí kì í lù bí ọkàn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Kì í ṣe pé ó ti kú. Àyà rẹ̀ ni kí ẹ gbé etí lé. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ sáré gbé e wá. Ẹ má sì yọ bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láé."

Mo mi orí pé mo ti gbọ́.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi. "Kọnkéré, fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo yára fa ọwọ́ mi padà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òkú ló ń bá ọ rìn yìí o!" Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ le. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa gbé aṣọ wá fún télọ̀ tí iṣan rẹ̀ kò lù?"

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Òun gan-an ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Á kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀ lónìí."

A rẹ́rìn-ín. Mo pa á mọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn, kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́sàn-án, wọ́n wá pè mí níbi iṣẹ́. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, òwú pupa kan lọ́ mọ́ ìka rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tún wá iṣan lọ́rùn rẹ̀. Ó mi orí.

"Kò sí mọ́."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi igbe ta.

Mo kúnlẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ó ń kùn. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lójú àpótí ń tàn.

Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló kàwé, èmi kọ́. Nǹkan mìíràn tún wà ńbẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Bí mo ṣe ń wo ojú rẹ̀, bíríkì ni mo rántí.

"Ẹ pa nǹkan yẹn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ariwo rẹ̀ ń da ìyàwó rẹ̀ láàmú."

Mo yọ bátìrì kan. Àpótí náà ké. Mo yọ ìkejì. Ó ké, ó pẹ́, ó sì dákẹ́.

Òwú pupa mì lórí ìka rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé fáànù ni. Mo gbójú sókè. Iná ti lọ láti àárọ̀. Fáànù kò yí.

A sin ín ní Ọjọ́rú. Ẹ̀rọ àyà rẹ̀ bá a lọ. Mo yọ àpótí náà kúrò lára wáyà, mo gbé e sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ń kùn. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Wáyà kankan kò wọ inú rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọjọ́ Ajé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó àwọn ẹ̀rọ náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ọjọ́ wo ló kú, Bàbá?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wò mí. "Ta ló ń lò ó láti ìgbà náà?"

"Kò sẹ́ni."

"Bàbá, ẹ má bá mi ṣeré. Ó kọ ọ́ síbí pé ẹ̀jẹ̀ kọjá lánàá." Ó tún wo kọ̀ǹpútà. "Ó ń kọjá báyìí."

Mo wo iná aláwọ̀ ewé náà.

"Ta ló sọ pé ó ti kú?"

"Nọ́ọ̀sì kan."

"Báwo ló ṣe mọ̀?"

"Ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀."

Ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

"Wọn ò sọ fún wa," ni mo wí.

Àpótí náà ké. Ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ọ̀dọ́kùnrin náà yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà kíákíá, ó fi ìka kan tì í sọ́dọ̀ mi. "Ẹ máa gbé e lọ." Kò wo ojú mi mọ́.

Mo gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù padà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sídìí máṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Ìyókù òwú pupa yẹn ṣì wà lára máṣíìnì náà.

"Ọkọ mi, kí ni wọ́n wí ní ọsibítù?"

"Wọ́n ní kí n máa gbé e padà bọ̀."

Ó fọwọ́ pa tábìlì, bí ẹni tó ń nu eruku tí kò sí níbẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dé bá a gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin lẹ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ bá mi sọ òótọ́, kí n lè sùn. Ó ti lọ kí ẹ tó dé, àbí?"

Àpótí ń kùn nínú báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo la ẹnu.

Kíkùn náà dáwọ́ dúró, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́.